Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Gíwá àti Rẹ́jísírà Yunifásítì Wa: Ẹ Gbé Táìmù-Tébù Jáde Kí Ẹ Tó Ṣí Portal Ìforúkọsílẹ̀

Sí ẹ̀yin Gíwá, ẹ̀yin Rẹ́jísírà àti ẹ̀yin Alága Ìgbìmọ̀ Táìmù-Tébù ní àwọn yunifásítì ìjọba káàkiri ilẹ̀ Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ wa.

Ohun tó mú àwa olùdámọ̀ràn ìpele kọ̀wé sí yín ni àṣà kan tó ti di bárakú ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Portal ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì á ṣí. Wọ́n á kéde ọjọ́ tí yóò tì, wọ́n á sì kéde iye tí ẹni tó bá pẹ́ yóò san. Ṣùgbọ́n táìmù-tébù tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ ọjọ́, wákàtí àti gbọ̀ngàn tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà kò ní tíì jáde. Nígbà tó bá máa fi jáde, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ti gba òǹtẹ̀ olórí ẹ̀ka, ó ti wà nínú fáìlì ní fákọ́tì. Ẹ wò ó bí ìgbà tí kọ̀ńdọ́ bá gba owó lọ́wọ́ èrò tán kó tó sọ ibi tí mọ́tò ń lọ fún un. Orí ètò tó dojú rú yìí ni gbogbo ẹjọ́ tí a fẹ́ rò dá lé.

1. Iye yúnìtì kò sọ iye wákàtí

Ohun tí portal ń fi han akẹ́kọ̀ọ́ kò ju kóòdù kọ́ọ̀sì, orúkọ rẹ̀, yúnìtì rẹ̀, àti bóyá dandan ni tàbí àyànṣe. Òfin tó mọ̀ ni pé yúnìtì tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà kan kò gbọdọ̀ dín sí 15, kò sì gbọdọ̀ ju 24 lọ. Ó rò pé tí òun bá ti ro yúnìtì pọ̀ tó pé, òun ti ṣètò sáà náà tán.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Yúnìtì kan ti kíláàsì lásán jẹ́ wákàtí 15 nínú sáà, ìyẹn wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Yúnìtì kan ti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò jẹ́ wákàtí 45, ìyẹn mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ mú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní 2022, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023. Nínú rẹ̀, PHY 101 jẹ́ yúnìtì méjì, wákàtí méjì ló ń gbà lọ́sẹ̀. PHY 107 tó jẹ́ yúnìtì kan péré ń gba mẹ́ta, torí pé iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni. COS 101 jẹ́ yúnìtì mẹ́ta, ṣùgbọ́n wákàtí 30 ti kíláàsì àti 45 ti yàrá kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀, ó di wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀. Kí ọmọ 100 level ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ro COS 101, MTH 101, PHY 101, PHY 107 àti STA 111 pọ̀: yúnìtì 11 ni, wákàtí 15 ni. A kò tíì ka GST, ìyẹn àwọn kọ́ọ̀sì gbogboogbò, a kò tíì ka ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìlànà náà fi sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi kún un fúnra rẹ̀.

Ti yàrá àyẹ̀wò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n máa ń pín akẹ́kọ̀ọ́ sí gúrúùpù. Gúrúùpù A lè wà ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, kí gúrúùpù D wà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ara ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n sábà máa ń lẹ orúkọ mọ́, ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Odindi wákàtí mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ ọmọ yìí, kò mọ ibi tó máa bọ́ sí títí portal fi tì.

Ohun tí a ń béèrè níbí kò ní ná yín lówó: ẹ fi wákàtí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ yúnìtì lórí portal, kí ẹ sì fi orúkọ gúrúùpù sínú táìmù-tébù fúnra rẹ̀.

2. Carry-over, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù

Bí wọ́n ṣe ń to táìmù-tébù ní ọ̀pọ̀ ibi rèé. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ á gbé ti èṣí jáde, á yí déètì orí rẹ̀ padà, á ki kọ́ọ̀sì tuntun bọ ibi tí àyè bá ṣófo. Á wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kọ́ọ̀sì méjì ti 100 level forí gbárí, bóyá méjì ti 200 level forí gbárí. Bí kò bá rí ọ̀kankan, iṣẹ́ ti parí lójú tirẹ̀.

Ìṣirò yẹn gbà pé ọmọ 200 level kì í ṣe ju kọ́ọ̀sì 200 level lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó gba F nínú MTH 101 gbọ́dọ̀ padà ṣe é nígbà tó bá dé 200 level (òun ni à ń pè ní carry-over), pẹ̀lú COS 201, MTH 201 àti àwọn yòókù. Tí MTH 101 bá wà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí COS 201 náà sì wà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, portal á gba méjèèjì wọlé láìsọ nǹkan kan, torí pé portal àti táìmù-tébù kò bára wọn sọ̀rọ̀ rí. Ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà, ìkejì wà nínú fáìlì Word lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan ní fákọ́tì.

Kò sì sí pé ó máa fi MTH 101 sílẹ̀ di sáà kejì. Kọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì sábà máa ń jẹ́ ti sáà àkọ́kọ́, èyí tó ṣeé pín jẹ́ ti sáà kejì. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ lọ́dún yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó wà lára kọ́ọ̀sì tí wọ́n gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó ṣe òmíràn, ìdè á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra wọn. Tó bá bá a dé ọdún àṣekágbá, ó di spill-over: owó ilé ìwé ọdún kan sí i, owó ilé, owó oúnjẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì ti wà ní àgọ́ NYSC.

Orísun wàhálà náà jìn ju ọ́fíìsì táìmù-tébù lọ. Èsì ìdánwò sáà tó kọjá kì í sábà jáde kí ìforúkọsílẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Máàkì á kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ bọ́ sí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, á dé ìgbìmọ̀ fákọ́tì, á dé Sẹ́nétì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i. Láàárín ìgbà yẹn, ó ti forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó yege gbogbo ẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, F á yọjú, portal ti tì. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, mú kí èyí burú sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún sáà pọ̀ kí wọ́n lè lé àkókò bá. Àyè tó wà láàárín ìdánwò tó parí àti kíláàsì tuntun wá di tín-ín-rín. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ti lọ, àmọ́ àṣà kánjúkánjú náà kò bá a lọ.

Ohun méjì la ń béèrè. Àkọ́kọ́: nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka bá ti gba máàkì wọlé, kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i lórí portal pẹ̀lú àkọlé pé Sẹ́nétì kò tíì fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ tẹ trànsíkíríìbù láti inú rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ kọ́ọ̀sì tó máa tún ṣe ni.

Èkejì: kí ìgbìmọ̀ táìmù-tébù lo àkọsílẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fa orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àti kọ́ọ̀sì tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ní èṣí jáde láti inú portal. Ẹ to kóòdù kọ́ọ̀sì sí ìlà, ẹ tún to ó sí òpó, kí ẹ wá kọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe méjèèjì síbi tí ìlà àti òpó ti pàdé. Kọ́ọ̀sì méjì tí ohun tó wà níbi ìpàdé wọn bá ju òdo lọ kò yẹ kó bọ́ sí wákàtí kan náà. Ẹni tó bá mọ Excel dáadáa lè ṣe ti odindi fákọ́tì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀sì àjùmọ̀ṣe sílẹ̀, ìyẹn MTH, PHY, CHM, STA àti GST, torí pé fákọ́tì púpọ̀ ló ń gbé carry-over wọn káàkiri. Ẹ ya wákàtí wọn sọ́tọ̀, kí ẹ̀ka kankan má fi kọ́ọ̀sì 200 level tàbí 300 level síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tí nọ́ńbà ìpàdé wọn pọ̀ jù.

A mọ̀ pé gbọ̀ngàn kò tó, olùkọ́ kò tó, àti pé ìforígbárí díẹ̀ á ṣì kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣeé yẹ̀, ẹ kọ ọ́ síta kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe: bóyá kíláàsì kejì wà ní ìrọ̀lẹ́, bóyá olùkọ́ máa gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, bóyá ó máa gba lẹ́tà àyè láti má wá ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tó bá mọ̀ ṣáájú á wá nǹkan ṣe sí i.

3. Ẹ bá wa ṣírò ìdá 75

Òfin sọ pé ẹni tí wíwá sí kíláàsì rẹ̀ kò bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ jókòó ṣèdánwò. Òfin tó dára ni. Kọ́ọ̀sì tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń pàdé ní ìgbà 15 nínú sáà. Ìdá 75 rẹ̀ jẹ́ 11.25, ó di pé èèyàn gbọ́dọ̀ wá ní ìgbà 12. Ọmọ tí kọ́ọ̀sì méjì forí gbárí fún, tó ní kí òun má ṣojúsàájú, tó ń lọ síbí lọ́sẹ̀ yìí, tó ń lọ sọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbà mẹ́jọ ló máa wá ọ̀kan, ìgbà méje ló máa wá ìkejì. Kò pé 12 nínú èyíkéyìí. Ẹni tó ṣe òtítọ́ jù ni òfin yín máa lé kúrò nínú ìdánwò méjèèjì.

Nítorí náà ni àwọn ọ̀rẹ́ ṣe ń bá ara wọn fọwọ́ sí ìwé wíwá. Olùkọ́ á bínú, á ní ìran yìí ti bàjẹ́. Ṣé kì í ṣe táìmù-tébù ló kọ́ wọn?

4. "Final", "New Final", "Latest Final"

Bí táìmù-tébù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rèé: wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde, ọ̀gá kíláàsì á yà á ní fọ́tò, á jù ú sórí WhatsApp. Fọ́tò náà á ti di bàìbàì kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá, LT 1 àti LT 7 á jọra. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á yí gbọ̀ngàn padà, wọ́n á lẹ òmíràn, fọ́tò tuntun á tún máa lọ. Kò sí déètì lórí èkíní, kò sí lórí èkejì. Ìdajì kíláàsì á lọ síbi àtijọ́, ìdajì á lọ síbi tuntun. Ọmọ tuntun kan kò ní mọ ibì kankan nínú méjèèjì, nítorí gbọ̀ngàn kan náà lè ní orúkọ mẹ́ta: orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, èyí tó wà lórí táìmù-tébù, àti èyí tí gbogbo ayé ń pè é.

Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀dà, ọjọ́ àti wákàtí tó jáde sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ní òkè ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ to ohun tó yí padà láti ẹ̀dà tó ṣáájú: kóòdù, ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ibi tó wà báyìí. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: kóòdù, orúkọ kọ́ọ̀sì, gúrúùpù, ọjọ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, gbọ̀ngàn, fákọ́tì tí gbọ̀ngàn náà wà. Ẹ gbé e sórí wẹ́ẹ̀bù ní Excel tàbí CSV, kí èèyàn lè fi kóòdù tirẹ̀ nìkan wá inú rẹ̀, àti ní PDF tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣeé wá. PDF tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ìwé kò ṣeé wá, ó sì tún wúwo. Dátà ti wọ́n, fáìlì tí kò ju mẹ́gábáìtì kan lọ ti tó. Àwọn tó bá lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gbé e jáde ní fáìlì ICS tí Google Calendar lórí fóònù á gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀dà àtijọ́, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kàn kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ẹ sì fi ibi tí tuntun wà hàn.

5. Ọ̀nà jìn, ìjókòó ò tó

Kíláàsì kan parí ní aago mẹ́wàá, òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kan náà ní òdì kejì ọgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ìyẹ́. Kí kíláàsì aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá máa parí ní mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí táìmù-tébù gan-an, kó má jẹ́ àánú olùkọ́ ló máa gbèjà ọmọ. Ní yunifásítì tí kámpọ́ọ̀sì rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bíi LASU tó ní Ojo, Epe àti Ikeja, tàbí OOU tó ní Ago-Iwoye, Ibogun, Ayetoro àti Sagamu, ìrìnàjò ni carry-over tó bá wà ní kámpọ́ọ̀sì mìíràn. Irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ní láti bọ́ sí ọjọ́ kan náà pọ̀, kí ọmọ wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹ fi iye ìjókòó gbọ̀ngàn wé iye tó forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó pín in. Ẹ sì fi aago kan sí méjì ààbọ̀ ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ fún Jímọ̀. Ilẹ̀ Yorùbá la wà, kò yẹ kí a máa bẹ̀bẹ̀ fún èyí.

6. Ìtanràn tí kò tọ́ sí ẹni tó ń san án

Ibi púpọ̀ ni portal kì í ti ṣí fún ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì bí owó ilé ìwé kò bá tíì wọlé. Lábẹ́ NELFUND, ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí portal rẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2024, àpò ilé ẹ̀kọ́ ni owó ilé ìwé ń lọ tààrà, kì í kọjá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ tó máa dé kò sí ní ìkáwọ́ ọmọ náà. Síbẹ̀, òun ni portal ń tì mọ́ta, òun náà ló ń san ìtanràn pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí pé òun ti béèrè fún ẹ̀yáwó forúkọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó di ojúlówó nígbà tí owó bá wọlé.

Ẹni tó sì pẹ́ nítorí pé táìmù-tébù yín pẹ́, kò jẹ ìtanràn kankan. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí ẹ̀ka kan bá fi orúkọ kọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ránṣẹ́ pẹ́, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà.

7. Táìmù-tébù ìdánwò

Àtẹ ìpàdé kọ́ọ̀sì tí a sọ ní nọ́ńbà 2 ló máa ṣe iṣẹ́ yìí náà. Ẹ má fi ìwé mẹ́ta sí ọjọ́ kan fún ẹnì kan. GST tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní ìpele ìpele, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìpele tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kì í ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la.

Bí a ṣe fẹ́ kí ọjọ́ tẹ̀ lé ara wọn nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀ka fi kọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti gúrúùpù ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí àbá táìmù-tébù jáde fún gbogbo ènìyàn, kí olùdámọ̀ràn ìpele àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ìforígbárí tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan tí ẹ̀dá alààyè ń kà, kí ìdáhùn sì dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ìgbà tí ẹ̀dà tí ẹ fọwọ́ sí bá ti wà lórí wẹ́ẹ̀bù ni kí portal ṣí. Kó wà ní ṣíṣí títí ọ̀sẹ̀ kẹta yóò fi parí, kí àyè wà láti fi kọ́ọ̀sì kún un tàbí láti yọ ọ́ kúrò láìsan kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyípadà kankan kò gbọdọ̀ wọ táìmù-tébù láìsí ìwé tí alága ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, tí ìdí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

A kò retí lẹ́tà èsì. Tí ẹ̀dà kìíní táìmù-tébù sáà tó ń bọ̀ bá wà lórí wẹ́ẹ̀bù yín, pẹ̀lú déètì lórí rẹ̀, kí portal tó ṣí, a ti gbọ́ èsì yín.

Àwa ni,
Àwọn olùdámọ̀ràn ìpele tó ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ní gbogbo sáà